Ọkọ̀ Tí Ó Tó àti Ọkọ̀ Tí Ó Wuni

Ìyá mi bi mí ní ìbéèrè kan nígbà ìsinmi tí ó kọjá, ìbéèrè náà kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Wọ́n ti fi owó ránṣẹ́ sí mi ṣáájú pé kí n fi ra ìwé. Mo gba owó náà, mo dúpẹ́, mo sì fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ra fóònù tuntun. Nígbà tí mo dé ilé tí wọ́n rí i lọ́wọ́ mi, wọn kò pariwo, wọn kò sì bú mi. Wọ́n gbà á, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, wọ́n dá a padà fún mi, wọ́n sì ní, ‘Èyí tí o ní tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ṣé kò tó mọ́ ni?’

Mo ní, ‘Ó tó, Màámi. Èyí ló wù mí.’

Wọ́n mi orí, wọ́n sì bá iṣẹ́ wọn lọ.

Bóyá ǹ bá ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà bí kò bá ṣe iṣẹ́ kan tí wọ́n fún wa nígbà tí a padà sí ilé-ẹ̀kọ́. Olùkọ́ tí ń kọ́ wa ní iṣẹ́ ìtumọ̀ fún wa ní àyọkà kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé kí a tú u sí Yorùbá. Ìtàn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ méjì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni: Model T tí Henry Ford ṣe, àti Chevrolet tí ilé iṣẹ́ General Motors fi bá a du ọjà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Mo rò pé iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo ni. Àṣé n kò mọ ohun tí mo ń bọ̀ wá bá. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà nínú àyọkà náà tí òǹkọ̀wé ń lò léraléra. Òun ni ó lò fún ohun tí ó wu ènìyàn; òun náà ni ó lò fún ohun tí ènìyàn fẹ́. Bí mo bá kọ ‘fẹ́’ níhìn-ín, kò bá a mu. Bí mo bá kọ ‘wù’ lọ́hùn-ún, ìtumọ̀ yí padà. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ sì mọ́, n kò parí ojú ìwé kan. Ibẹ̀ ni mo wà tí ìbéèrè ìyá mi tún fi yọjú sí mi, mo sì rí i pé ọ̀ràn tí ó wà láàárín ọkọ̀ méjèèjì náà ni ó wà láàárín fóònù mi méjèèjì.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí. Bí ẹnì kan bá ní ohun tí ó tó o, tí ẹlòmíràn sì mọ̀ọ́mọ̀ ń gbé ohun tí ó wuni sí i níwájú títí ohun àkọ́kọ́ fi sú u, ta ni ó jẹ̀bi? Ṣé ẹni tí ó gbé e kalẹ̀ ni, tàbí ẹni tí ó na ọwọ́ mú un?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti Ford.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1908 ni Model T jáde ní ìlú Detroit. Ní àkókò náà, nǹkan àwọn olówó ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ jẹ́ ní Amẹ́ríkà. Àgbẹ̀ tí ń gbé ní oko jíjìn kò ní ju ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà lọ. Ford alára, ọmọ àgbẹ̀ ni, láti ìpínlẹ̀ Michigan. Ó pinnu láti ṣe ọkọ̀ tí apá òṣìṣẹ́ lásán yóò ká. Ọkọ̀ náà kì í ṣe arẹwà. Ó ga nílẹ̀, nítorí pé kòtò àti ẹrẹ̀ ni ó kún ojú ọ̀nà oko ní ìgbà náà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sìlíńdà mẹ́rin, agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 20, bí a bá sì tẹ̀ ẹ́ dé òpin, eré rẹ̀ kò ju nǹkan bí máìlì 45 lọ ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n fi ṣe é le, bẹ́ẹ̀ ni kò wúwo, ẹni tí ó bá sì ní òòlù àti sípánà lè tún un ṣe ní àgbàlá ara rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ a máa gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, wọn a so bẹ́líìtì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn a sì fi agbára ẹ́ńjìnnì náà la pákó tàbí fa omi láti inú kànga.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ ni iye owó rẹ̀. Ọjà tí àwa mọ̀, ńṣe ni ó ń gbówó lórí sí i lọ́dọọdún. Ti Ford ń wálẹ̀ ni. Nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde, dọ́là 850 ni wọ́n ń tà á. Nígbà tí ó fi di ọdún 1925, ẹni tí ó bá ní dọ́là 260 lè ra èyí tí ó kéré jù nínú wọn. Ọgbọ́n tí ó dá èyí sílẹ̀ ni pé ní ọdún 1913, ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Highland Park, Ford ṣètò pé kí ọkọ̀ máa lọ bá òṣìṣẹ́ dípò kí òṣìṣẹ́ máa lọ bá ọkọ̀. Olúkúlùkù dúró lójú kan, ó ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tirẹ̀, ọkọ̀ sì ń fà kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó kàn. Férémù ọkọ̀ kan tí wọ́n ti ń fi nǹkan bí wákàtí méjìlá àti ààbọ̀ tò pọ̀ di ohun tí wọ́n ń fi nǹkan bí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 33 parí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1914, Ford tún kéde pé òun yóò máa san dọ́là márùn-ún lóòjọ́ fún òṣìṣẹ́ tí ó bá yege, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì owó tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Báyìí ni ẹni tí ń ṣe ọkọ̀ fi di ẹni tí ó lè ra ọkọ̀.

Láti ọdún 1908 títí di ọdún 1927, irú ọkọ̀ kan náà ni, àfi àtúnṣe kéékèèké. Láti ọdún 1914 títí di ọdún 1925, ọ̀dà dúdú nìkan ni wọ́n ń fi kùn ún. Ford sọ ọ́ ní gbangba pé òun fẹ́ kí ẹni tí ó bá ti ra ọjà òun lẹ́ẹ̀kan má tún nílò láti ra òmíràn mọ́ láéláé. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Ọlọ́jà wo ni a tún gbọ́ pé ó gbàdúrà kí oníbàárà òun má padà wá?

Bí mo bá ní láti kó gbogbo ìwà ọkọ̀ yìí sínú gbólóhùn kan, gbólóhùn náà ni: *Ó tó.*

Ó kan èkejì. Ní ọdún 1911 ni Louis Chevrolet àti William Durant dá ilé iṣẹ́ Chevrolet sílẹ̀. Ní ọdún 1918 ni ó wọ abẹ́ General Motors. Alfred Sloan, tí ó di olórí General Motors ní ọdún 1923, mọ̀ dájú pé òun kò lè ta ọkọ̀ ní owó tí ó kéré tó ti Ford, nítorí náà kò tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀. Ńṣe ni ó to àwọn ọkọ̀ ilé iṣẹ́ rẹ̀ bí àtẹ̀gùn: Chevrolet ní ìsàlẹ̀, Buick níwájú, Cadillac lókè téńté, kí olúkúlùkù lè rí èyí tí ó bá àpò rẹ̀ mu, kí ojú rẹ̀ sì tún máa wo èyí tí ó wà lókè orí rẹ̀.

Chevrolet Superior, tí wọ́n ṣe láti ọdún 1923 sí ọdún 1926, ni ó bá Model T jà jù. Owó rẹ̀ ju ti Ford lọ, ṣùgbọ́n ó ní jíà mẹ́ta níbi tí ti Ford ní méjì, sítátà tí iná mànàmáná ń yí sì wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ wá. Láti ọdún 1925 ni wọ́n ti ń fi ọ̀dà tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Duco kùn ún, ọ̀dà tí ó tètè ń gbẹ, tí ó ń dán, tí kì í sì í ṣe dúdú nìkan. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni General Motors bẹ̀rẹ̀ sí í yí ojú ọkọ̀ wọn padà lọ́dọọdún, kí ọkọ̀ tèṣí lè yàtọ̀ sí tọdún yìí lójú ẹni tí ó bá rí méjèèjì lójú pópó. Ní ọdún 1927, wọ́n dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ lábẹ́ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Harley Earl, ẹ̀ka tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹwà àti àwọ̀ lọ. Ṣáájú èyí, láti ọdún 1919, wọ́n ti ní ilé owó tiwọn tí ń yá ènìyàn lówó: gbé ọkọ̀ lọ lónìí, kí o máa san án díẹ̀díẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 1927, Ford yọ Model T tí ó pé mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jáde, láìpẹ́ sí ìgbà náà ni ó sì dá ṣíṣe rẹ̀ dúró. Àwọn ènìyàn ti yíjú sí ẹlòmíràn. Ní ọdún náà, iye Chevrolet tí wọ́n tà lé ní mílíọ̀nù kan, ó sì borí Ford.

Ọkọ̀ yìí náà ní gbólóhùn tirẹ̀: *Ó wù mí.*

Nígbà tí mo ka ìtàn náà tán, mo dá ẹjọ́ kíákíá. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá, ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, pé ènìyàn rere ni Ford, pé ẹlẹ́tàn sì ni Sloan. Ó rọrùn fún mi láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí mo bá rí ẹlẹ́tàn kan mú, ẹ̀bi owó ìwé yóò kúrò lọ́rùn mi. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, ‘Ìwọ tí o ń yin Model T yìí, ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń jí i?’

N kò mọ̀, ó sì ṣàlàyé fún mi. Irin kan yọ sí iwájú ọkọ̀ náà tí ènìyàn ní láti fi ọwọ́ yí tagbáratagbára kí ẹ́ńjìnnì tó dáhùn. Nígbà mìíràn ẹ́ńjìnnì a ta padà, irin náà a sì gbá ẹni tí ó dì í mú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ara rẹ̀ ṣẹ́ lápá tàbí lọ́rùn ọwọ́. Sítátà ti wà lára Cadillac láti ọdún 1912, ṣùgbọ́n ọdún 1919 ni Ford tó gbà kí wọ́n máa fi sí Model T, fún ẹni tí ó bá sì lè fi owó kún owó ni. Epo ọkọ̀ náà kò ní ohun tí ń tì í. Ńṣe ni ó ń ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀ láti inú táǹkì lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Bí epo bá kù díẹ̀ tí ọkọ̀ sì dé ẹsẹ̀ òkè gíga, awakọ̀ a yí i padà, a sì fi ẹ̀yìn gun òkè náà.

Ọ̀rẹ́ mi ní, ‘O ní ọkọ̀ náà tó. Ó tó ta ni?’

Ọ̀rọ̀ náà mú mi lẹ́nu. Nígbà tí ìyá ẹni bá bu oúnjẹ fún ni, kò jẹ́ sọ pé, ‘Ó tó ọ.’ Ńṣe ni yóò béèrè pé, ‘Ṣé ó tó?’ Ẹnu ẹni tí ó ń jẹun ni ìdáhùn ti ń wá. Ọkọ̀ Ford tó ọkùnrin tí apá rẹ̀ le. Ṣé ó tó arúgbó? Ṣé ó tó ìyá ọlọ́mọ tí ó fẹ́ gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá lọ sí ilé ìwòsàn ní àárọ̀ òtútù, tí kò sì sí ọkùnrin nílé? Ford kò bi wọ́n. Ó ti pinnu ohun tí ó tó wọn.

Mo wá rí i pé ìwà yìí kò dúró lórí ọkọ̀ nìkan. Dọ́là márùn-ún tí mo yìn ín fún lẹ́ẹ̀kan ní àṣẹ nídìí. Ford dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí àwọn aṣojú rẹ̀ ń lọ sí ilé àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n ń wo bóyá ilé wọn mọ́, bóyá wọ́n ń mutí, bóyá wọ́n ń tọ́jú owó, kí wọ́n tó lè jẹ́rìí pé owó náà tọ́ sí wọn. Nígbà tí ó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1926, Ernest Kanzler, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, kọ ìwé gígùn sí Ford pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé Model T kò tẹ́ àwọn ènìyàn lọ́rùn mọ́, pé ó yẹ kí a ṣe òmíràn. Kí oṣù mélòó kan tó kọjá, Kanzler ti kúrò ní ilé iṣẹ́ náà. Ẹ ò rí i pé ‘ó tó’, tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtẹ́lọ́rùn ní ẹnu ẹni tí ó ní nǹkan, lè di ọ̀rọ̀ ìgbéraga ní ẹnu ẹni tí ń pín in.

Nítorí náà mo fà sẹ́yìn díẹ̀ nínú ìyìn Ford. Ṣùgbọ́n n kò lè torí èyí sáré lọ dì mọ́ Sloan. Ẹni tí ó jẹ́ kí ọ̀ràn náà yé mi jù ni Charles Kettering, àgbà onímọ̀ ẹ̀rọ General Motors. Òun ni ó ṣe sítátà tí ó gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ irin tí ń ṣẹ́ni lápá. Òun náà ni ó kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣòwò ní ọdún 1929 pé kí àwọn ọlọ́jà má ṣe jẹ́ kí ọkàn oníbàárà balẹ̀ lórí ohun tí ó ní, nítorí pé bí gbogbo ènìyàn bá ní ìtẹ́lọ́rùn, kò sí ẹni tí yóò ra ohun tuntun. Ọkùnrin kan náà ni! Ọwọ́ tí ó mú ìrora kúrò lápá ni ọwọ́ tí ó kọ̀wé pé kí a fi ìrora sí ọkàn. Nǹkan tuntun pàápàá a máa tan ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀: ní ọdún 1923, ẹ́ńjìnnì Chevrolet kan tí Kettering ṣe, èyí tí afẹ́fẹ́ ń tù dípò omi, kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, ilé iṣẹ́ náà sì ní láti kó àwọn ọkọ̀ náà padà kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ó ti rà wọ́n.

Ibi yìí ni mo ti padà sí iṣẹ́ ìtumọ̀ mi, nítorí mo rò pé èdè wa ti dá apá kan nínú ẹjọ́ yìí kí a tó bí Ford àti Sloan. Ẹ wo gbólóhùn wọ̀nyí: *Ó tó mi. Ó wù mí. Ó sú mi.* Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nǹkan náà ni olùwà, èmi sì ni àbọ̀. Nǹkan ni ó ń ṣiṣẹ́. Èmi ni ó ń ṣiṣẹ́ lé lórí. N kò pe ohun tí ó wù mí kí ó wá wù mí. Mo kàn ń kọjá lọ ni, ó sì wù mí. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ìwọ̀nyí: *Mo fẹ́ ẹ. Mo yàn án. Mo rà á.* Níhìn-ín èmi ni mo di olùwà. Nǹkan náà ti di àbọ̀. Èmi ni mo ń ṣe é, kò sì sí ẹlòmíràn nínú gbólóhùn náà tí mo lè na ìka sí.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé eré gírámà lásán ni mo ń ṣe, kí ó wo ọ̀ràn ìgbéyàwó. Obìnrin púpọ̀ lè wu ọkùnrin kan ní ọjà kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tí yóò pè é sí ìdájọ́ nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá la ẹnu pé òun fẹ́ ọ̀kan, àwọn ẹbí ọmọ yóò jókòó, wọn yóò béèrè ọmọ ẹni tí ó jẹ́, iṣẹ́ tí ó ń ṣe, àti ìdána tí yóò san. Wù kò ní ìdána. Fẹ́ ní ìdána. Àwọn àgbà mọ ewu tí ó wà nínú kí a da méjèèjì pọ̀, tí wọ́n fi ní ohun tí ó wuni ní ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni, ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Ó dà bíi pé ìdáhùn ìbéèrè mi ti ń yọ. Mo ti ń béèrè ta ni ó jẹ̀bi bí ẹni pé ẹ̀bi kan ṣoṣo ni ó wà, tí a ní láti gbé ka orí ẹnì kan. Ẹ̀bi méjì ni. Ẹni tí ó gbé ọjà kalẹ̀ ni yóò dáhùn fún wù àti sú. Ẹni tí ó rà á ni yóò dáhùn fún fẹ́. Kò sí èyí tí ẹ̀bi rẹ̀ lè wẹ ẹnì kejì mọ́.

N kò sì sọ pé ẹ̀bi ni kí ọjà wuni. Ìkòkò tí kò ní ọnà lára yóò gba omi bí èyí tí ó ní ọnà. Síbẹ̀ amọ̀kòkò fín ọnà sí i, a kò sì pè é ní ẹlẹ́tàn. Bí Chevrolet bá ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ojú ọ̀run, kí ni ó burú níbẹ̀? Ẹni tí ó sọ pé dúdú tó fún gbogbo ayé, òun ni ó yẹ kí a bi. Ibi tí Sloan àti Kettering ti ṣìnà, lójú tèmi, ni sú. Kí a fi sítátà rọ́pò irin tí ń ṣẹ́ni lápá, àìní ni a dí. Ṣùgbọ́n kí a yí ojú ọkọ̀ padà, kí ọkọ̀ tèṣí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì yá gágá lè di ohun ìtìjú fún ẹni tí ó ni ín, a kò dí àìní kankan níbẹ̀. Ńṣe ni a gbẹ́ àìní tuntun, a sì wá ń ta ohun tí a ó fi dí i. A kò fi ohunkóhun kún ọkọ̀ tuntun. Ọkọ̀ àtijọ́ ni a mú nǹkan kúrò lára rẹ̀, ohun tí a sì mú kúrò náà ni ayọ̀ tí olówó rẹ̀ ní nínú rẹ̀.

Ohun kan tún wà. Láàárín wù àti fẹ́, àlàfo kan wà, inú àlàfo yẹn ni ìwà ènìyàn ń gbé. Ní ọdún 1923, Ford dá ètò kan sílẹ̀ fún ẹni tí kò lówó púpọ̀: kí ó máa kó dọ́là márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìfowópamọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ. Nígbà tí owó bá pé, kí ó wá gba ọkọ̀. General Motors ní tiwọn ní kí ó gbé ọkọ̀ lọ ná, kí gbèsè máa tẹ̀ lé e. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn ètò kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wà nínú ti àkọ́kọ́. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ènìyàn bá ń lọ fi owó sílẹ̀, ó ní àyè láti bi ara rẹ̀ pé, ‘Ṣé mo fẹ́ ẹ, tàbí ó kàn wù mí?’ Nínú ètò kejì, kí ìbéèrè náà tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ọkọ̀ ti wà níwájú ilé.

Mo ka gbogbo èyí fún ọ̀rẹ́ mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan dá mi dúró. Ó ní, ‘Nígbà tí Ford ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa ní ọdún 1927, tí ó ń ṣètò ọkọ̀ tuntun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ni ó jókòó sílé láìgba owó fún oṣù púpọ̀. Ọjọ́ kejì oṣù kejìlá ni Model A tó jáde. Bí gbogbo ayé bá ní ìtẹ́lọ́rùn bí o ti ń wí, iṣẹ́ kí ni àwọn òṣìṣẹ́ yóò máa ṣe? Ṣé ìtẹ́lọ́rùn aládùúgbò ni wọn yóò sè fún ọmọ wọn jẹ?’

N kò ní purọ́ fún yín pé mo fi ìdáhùn kan pa á lẹ́nu mọ́. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ìtẹ́lọ́rùn ni ó ti ilé iṣẹ́ náà pa, etí dídi ni. Bí Ford bá ti gbọ́ ti àwọn tí ń ra ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó yẹ, kò ní í di dandan kí ó dá iṣẹ́ dúró lójijì. Mo tún sọ fún un pé oníṣègùn tí ń dá àrùn sílẹ̀ ní àdúgbò kí ọwọ́ rẹ̀ má baà dilẹ̀ lè bọ́ ọmọ púpọ̀ pẹ̀lú owó náà, ṣùgbọ́n a kò ní torí ọmọ wọ̀nyẹn pè é ní olùwòsàn. Ó ní àfiwé dára, ṣùgbọ́n àfiwé kì í ṣe oúnjẹ. Òtítọ́ ni ó sọ. Bí a ó ṣe tò ayé kí òṣìṣẹ́ lè rí iṣẹ́ ṣe láìjẹ́ pé a ń gba ìtẹ́lọ́rùn lọ́wọ́ ẹni tí ń rajà, iṣẹ́ àwọn tí ọgbọ́n wọn ju tèmi lọ ni. Mo kàn mọ̀ pé ẹni tí ó bá sọ pé kò sí ìṣòro níbẹ̀, yálà ó ń ta ọkọ̀ ni tàbí kò tíì wá iṣẹ́ rí.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ti èmi kò ga tó bẹ́ẹ̀. N kò lè tún ayé tò. Mo lè tún gbólóhùn ara mi tò. Nígbà tí ìyá mi bi mí léèrè, mo dáhùn pé, ‘Èyí ló wù mí.’ Mo fi fóònù ṣe olùwà, mo sì sápamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ bí àbọ̀. Òótọ́ ni pé àwọn kan jókòó síbì kan, wọ́n fi ọgbọ́n ọdún púpọ̀ gbèrò bí ti àtijọ́ yóò ṣe sú mi, wọn yóò sì jẹ́jọ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ni wọ́n mú owó ìwé. Mo jí ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i, ó wù mí, ọ̀sán ọjọ́ náà kò sì kọjá tí mo fi rà á. Àlàfo tí mo ń wí lókè yìí, èmi fúnra mi ni mo dí i.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ tí mo parí iṣẹ́ ìtumọ̀ náà, mo pe ìyá mi. Lẹ́yìn tí mo kí wọn tán, mo ní, ‘Màámi, ẹ bi mí nípa fóònù nígbà ìsinmi, n kò dá yín lóhùn dáadáa. Èmi ni mo fẹ́ ẹ. Èmi ni mo fi owó ìwé rà á. Ẹ má bínú.’

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, ‘Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé wo ni o wá ń kà?’

Mo sọ fún wọn pé èyí tí ó wà ní ilé ìkàwé ni, tí èmi àti àwọn mẹ́rin mìíràn ń pín kà. Wọ́n ní, ‘Ó dára. Ṣé ó tó?’

Ẹ kíyè sí i pé wọ́n béèrè ni. Wọn kò sọ fún mi pé ó tó.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni àwọn tí ń ta fóònù náà gbé ti ọdún yìí jáde. Mo rí àwòrán rẹ̀. N kò ní tan ara mi, n kò sì ní tan yín: ó wù mí. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ẹ.